Lẹ́tà Kan Tó Yẹ Kí Gbogbo Akẹ́kọ̀ọ́ Ààbò Kọ̀ǹpútà Kà

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2024 ni Andres Freund kọ lẹ́tà kan sí àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà lórí oss-security, níbi tí wọ́n ti máa ń ta ara wọn lólobó bí àléébù bá yọjú nínú sọ́fíwíà tí gbogbo ayé jọ ń lò. Ọmọ Jámánì ni Freund, San Francisco ló ń gbé nígbà náà, Microsoft ló sì ń bá ṣiṣẹ́. Ààbò kọ́ ni wọ́n gbà á fún. PostgreSQL, tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń tọ́jú dátà, ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù. Ohun tó kéde lọ́jọ́ náà kò kéré rárá: ẹnì kan ti la ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé sínú xz, sọ́fíwíà kékeré kan tó wà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ kọ̀ǹpútà Linux. Ká ní kò tètè hàn ni, ẹni tó la ilẹ̀kùn náà ì bá máa wọ inú sáfà olówó sáfà káàkiri ayé bó ṣe wù ú, láìní pásíwọ̀ọ̀dù kankan. Ara ohun tó sì tú àṣírí rẹ̀ ni pé wíwọlé sórí kọ̀ǹpútà tí Freund fi ń ṣiṣẹ́ ti fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ààbò kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Mo sì ń ṣe àkójọ iṣẹ́ mi sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ gbà mí síṣẹ́ lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ àkójọ yìí, lẹ́tà Freund ni mò ń padà sí ju ìwé èyíkéyìí lọ. Àwọn ènìyàn ti yìn ín gan-an fún ojú tó fi rí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ó sì tọ́ sí i. Bó ṣe kọ ohun tó rí sílẹ̀ ni èmi fẹ́ yìn, nítorí pé nínú iṣẹ́ wa yìí, ohun tí o bá rí tí o kò lè kọ kí ẹlòmíì tún un ṣe, a kò tíì lè sọ pé o rí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ xz kò ju pé kó fún fáìlì ńlá pọ̀ kó lè kéré lọ. Lasse Collin, ará Finland, ló ti ń tọ́jú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìgba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ní 2021, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i, àtúnṣe náà sì dára. Ní 2022, àwọn orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó wọn rí bẹ̀rẹ̀ sí í fòòró Collin pé iṣẹ́ ń falẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, pé kó fa ẹlòmíì mọ́ra. Nígbà tó yá, Jia Tan di olùtọ́jú pẹ̀lú rẹ̀. Ó lé ní ọdún méjì tó fi ń ṣiṣẹ́ rere ní gbangba kó tó ṣe ohun tó bá wá, nínú ẹ̀dà 5.6.0 tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024 àti 5.6.1 tó tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹta. Àwọn àgbà ti sọ pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Títí di òní, a kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Jia Tan.

Lẹ́tà náà wá ńkọ́? Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dúró tì. Freund kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Ó ní òun ti ń rí àwọn àmì àjèjì kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí Debian tí òun ń lò: wíwọlé pẹ̀lú SSH, tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, ń jẹ agbára kọ̀ǹpútà jù, valgrind, tó máa ń yẹ àṣìlò mẹ́mórì wò, sì ń ráhùn. Lẹ́yìn náà ló sọ ìdáhùn. Lẹ́sẹ̀ kan náà ló fi kún un pé òun kọ́kọ́ rò pé àpò xz tí Debian kó jọ ni wọ́n bà jẹ́, kí òun tó rí i pé láti orísun xz gan-an ni ó ti wá. Ó lè yọ ìyẹn kúrò. Ẹlòmíì ì bá yọ ọ́, kó lè dà bí ẹni tó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó fi í sílẹ̀, ẹni tó ń kà á mọ̀ pé ó ti yẹ ọ̀nà kejì wò, kò sì sí ẹni tó tún ní láti lọ fi àkókò ṣòfò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni òǹkà. Ó kọ àṣẹ tó tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ó sì gbé èsì méjèèjì kalẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá 0.299 kí xz tuntun tó dé, 0.807 lẹ́yìn tó dé. Kò fi mọ sí sísọ pé ó ti lọ́ra sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lè tẹ àṣẹ kan náà kó sì rí ohun kan náà. Ọ̀pọ̀ ìjábọ̀ tí mo ti kà láti ọwọ́ àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí ni kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú. Wọ́n á sọ pé ewu ńlá wà, o kò sì ní mọ ohun tí wọ́n wọ̀n.

Bó ṣe kan nǹkan náà fúnra rẹ̀ gba ìrònú. Ó fẹ́ wọn ìyára PostgreSQL lọ́nà tó péye gan-an, nítorí náà ó ń wá bí kọ̀ǹpútà náà yóò ṣe pa rọ́rọ́ kí ohunkóhun má ba òǹkà rẹ̀ jẹ́. Nígbà náà ló rí i pé sshd, tó ń dá SSH lóhùn lórí sáfà, ń jẹ agbára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń gbìyànjú láti wọlé kò mọ orúkọ tó tọ́, tí a sì ń dá wọn padà lójú ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé sáfà sórí íntánẹ́ẹ̀tì rí mọ àwọn àlejò wọ̀nyẹn. Èmi náà ní sáfà kékeré kan tí mò ń kọ́ṣẹ́ lé lórí. Bó ṣe dé orí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí ni àwọn róbọ́ọ̀tì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú láti fi root wọlé, láti fi admin wọlé, láti fi test wọlé, lọ́sàn-án lóru, láti orílẹ̀-èdè tí mi ò dé rí. Gbogbo wa la ti sọ ọ́ di ariwo ọjà tí a kì í fetí sí. Freund bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè: kí ló dé tí dídá àlejò padà ń náni tó bẹ́ẹ̀?

Ó lo perf láti wo ibi tí àkókò ń bá lọ. Inú liblzma, tó jẹ́ apá kan xz, ló ń bá lọ, perf kò sì lè dárúkọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀. Èyí ló mú un fura. Ó wá rántí ìráhùn valgrind kan tó ti rí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tó ń dán PostgreSQL wò lẹ́yìn tí sọ́fíwíà kọ̀ǹpútà rẹ̀ gba ẹ̀dà tuntun. Ohun kékeré méjì, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nínú iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi kò rò pé orí pípé nìkan ló so wọ́n pọ̀. Ẹni tó ń ka ìráhùn tí àwọn ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde, tí kò kàn ń yí ojú ìwé kọjá lọ, ni irú ìrántí bẹ́ẹ̀ máa ń sọ sí lọ́kàn.

Òǹkàwé tó bá mọ SSH yóò bèèrè ohun tó da òun àti fífún fáìlì pọ̀ pọ̀. Freund ti mọ̀ pé a óò bèèrè, ó sì dáhùn ní ìlà díẹ̀: OpenSSH fúnra rẹ̀ kò lo liblzma, ṣùgbọ́n Debian àti àwọn mìíràn ti tún un ṣe kó lè máa bá systemd, tó ń darí àwọn iṣẹ́ Linux, sọ̀rọ̀, systemd ló sì ń gbé liblzma dání. Ọ̀nà kọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ nìyẹn. Gbogbo wa ló ń wo ilẹ̀kùn iwájú.

Ibi tó tọpa nǹkan náà dé orísun rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ní gbangba, lórí GitHub, ibi tí àwọn ènìyàn ti lè ka kóòdù xz, ìlà kan wà tí kò sí níbẹ̀. Inú àpò tí àwọn tó ń kó Linux jọ máa ń wá gbé ló wà, nínú fáìlì kan tó ń jẹ́ build-to-host.m4. Iṣẹ́ ìlà yìí ni pé kó ṣí fáìlì ìdánwò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ bad-3-corrupt_lzma2.xz. Sọ́fíwíà tó ń fún fáìlì pọ̀ gbọ́dọ̀ ní fáìlì bíbàjẹ́ tí yóò fi dán ara rẹ̀ wò. Ta ni yóò wá yẹ fáìlì bíbàjẹ́ wò pé kí ló bà á jẹ́? Ibẹ̀ ni wọ́n fi apá kan nǹkan náà pamọ́ sí. Freund kọ ìlà náà síta, ó sì kọ ohun tó ń yí padà sí nígbà tó bá ṣiṣẹ́, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, bí télọ̀ tó yí inú aṣọ síta kí oníbàárà lè fojú ara rẹ̀ tẹ̀ lé ojú abẹ́rẹ́.

Nǹkan náà gbọ́n, ó tún ń bẹ̀rù. Kì í jí àfi tí ó bá wà lórí Linux x86-64. Kì í wọlé àfi tí wọ́n bá ń kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ọjà Debian tàbí ti RPM. Ó ń wò ó bóyá /usr/sbin/sshd ni orúkọ ẹni tó pè é. Bí ó bá rí i pé TERM wà, tó túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe kí ènìyàn jókòó síwájú ẹ̀rọ, á dákẹ́. Bí ó bá fura pé wọ́n ń fi irinṣẹ́ aṣàyẹ̀wò wo òun, á dákẹ́. Freund to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi bí òun ṣe fi sshd sí ipò tí kò ti rí ohun tí yóò bà á lẹ́rù hàn, títí ó fi ṣe ohun tó wá ṣe. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé apá yìí nínú lẹ́tà náà, mo dìde kúrò nídìí tábìlì, mo rìn yí ká yàrá kí n tó lè kà á lọ.

Síbẹ̀, ohun tó mú kí n ka lẹ́tà náà sí iṣẹ́ ọnà wà ní apá tí kò ní kóòdù kankan nínú. Freund sọ pé òun kì í ṣe olùwádìí ààbò, òun kò sì í ṣe ẹni tó mọ bí a ti í tú sọ́fíwíà palẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ nǹkan wà tí òun kò tíì yẹ̀ wò, pé ohun tí òun fojú rí ni òun ń sọ. Nígbà tó kan Jia Tan, ó ní yálà ó mọ̀ sí i tàbí wọ́n gba kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì fi kún un pé èkejì ni kò jọ pé ó rí bẹ́ẹ̀. Kò pè é lólè. Nígbà tó kan ohun tí ilẹ̀kùn náà wà fún, ó ní ibi tó wà kí SSH tó mọ ẹni tó ń bọ̀ mú kó jọ pé yóò fún ẹnì kan láyè láti wọlé tàbí láti pàṣẹ láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn mìíràn ló tú u palẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n sì rí i pé òótọ́ ni: ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan lè pa àṣẹ tó bá wù ú fún sáfà náà. CVE-2024-3094 ni nọ́ńbà tí wọ́n fún un, máàkì ewu rẹ̀ sì jẹ́ 10 nínú 10. Ohun tó dá a lójú ló pè ní òótọ́. Ohun tó jọ òótọ́ ló pè ní ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Láti ìlà dé ìlà, o kò ní ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Ó dárúkọ àwọn tó ràn án lọ́wọ́. Florian Weimer ló kọ́kọ́ yọ kóòdù náà sọ́tọ̀, Vegard Nossum ló kọ irinṣẹ́ kékeré tí ẹnikẹ́ni lè fi yẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò, Freund sì fi ìyẹn mọ́ lẹ́tà náà. Ó tún sọ ẹni tí òun ti kọ́kọ́ fi tó létí kó tó di gbangba: àwọn aláàbò Debian, lẹ́yìn náà àwọn tó ń kó àwọn Linux yòókù jọ. Kò fi tó àwọn tó ni xz létí, nítorí ó jọ pé ọwọ́ ẹni tí à bá fẹjọ́ sùn gan-an wà nínú ẹjọ́ náà. Irú ìpinnu báyìí kò sí nínú ìwé ìdánwò wa kankan.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá níhìn-ín ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Kali Linux, tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ààbò fẹ́ràn jù, gba ẹ̀dà xz náà wọlé láàrin ọjọ́ 26 sí 29 oṣù Kẹta yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi dátà rẹ̀ ṣe àtúnṣe Kali láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ì báà jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ì báà jẹ́ ní Àkúrẹ́, á ti gbé e sórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀.

Nísinsìnyí, àkójọ iṣẹ́. Bí ẹ bá wo èyí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe, ìwé ẹ̀rí ni yóò kún ibẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ojú kọ̀ǹpútà dúdú tí lẹ́tà aláwọ̀ ewé ń sáré lórí rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ìwé ẹ̀rí. Dọ́là ni wọ́n fi ń san owó ìdánwò rẹ̀, mo sì mọ àwọn tó ta nǹkan kí wọ́n tó lè jókòó ṣe é. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí kò lè fi hàn bí orí ẹnì kan ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kò tíì mọ ìdáhùn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa wà. Nítorí náà ni mo ṣe sọ àkójọ tèmi di ìjábọ̀ díẹ̀ tí mo kọ dáadáa. Ìjábọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tí mo rí, àṣẹ tí mo tẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ rò, ohun tí mi ò tíì mọ̀, àti ẹni tó là mí lójú.

Lọ́ọ̀gì sáfà mi ni ìjábọ̀ tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Nígbà tí mo to orúkọ tí àwọn róbọ́ọ̀tì ń fi kànlẹ̀kùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo rí i pé àwọn àdírẹ́sì tó jìnnà síra wọn ń pe orúkọ kan náà ní ìtẹ̀léra kan náà. Ó jọ pé ìwé kan náà ni wọ́n ń kà láti inú rẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó ni ìwé náà, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo bo àwọn àdírẹ́sì náà lójú nínú ìjábọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń kàn mí nílẹ̀kùn lè jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ti jà lólè tí kò sì mọ̀. Orúkọ aláìṣẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà nínú àkójọ mi gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn.

Gbogbo ibi tí mo ti kọlu nǹkan nínú àkójọ náà, inú láptọ́ọ̀pù mi ni, nínú VirtualBox, lórí Metasploitable tí wọ́n dìídì ṣe kí á máa fi kọ́ṣẹ́, tí kò sì sí ọ̀nà kankan láti ibẹ̀ dé íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Nàìjíríà, ti ọdún 2015 tí wọ́n tún ṣe ní 2024, kò gbà kí ẹnikẹ́ni wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíì láìgbàṣẹ. Yàtọ̀ sí òfin, ẹ mọ ojú tí wọ́n fi ń wo ọ̀dọ́ tó gbé láptọ́ọ̀pù nílùú wa. Wọn kò ní bèèrè kí wọ́n tó pè é lọ́mọ Yahoo. Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjábọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ti ń sọ ẹ̀rọ tí mo lò, ẹni tó ni ín, àti ibi tí mi ò kọjá. Àwọn kan lè kà á sí àṣejù. Lójú tèmi, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ tó dojú kọ olè ló yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù, kí ó sì hàn pé ó mọ́.

Iná mànàmáná náà ń kọ́ wa. Bí iná bá lọ tí bátìrì sì kú, ohun tó wà nínú mẹ́mórì ẹ̀rọ ti lọ nìyẹn. Mo ń kọ bí mo ṣe ń ṣe é, sínú ìwé, pẹ̀lú bírò. Clifford Stoll ṣe irú rẹ̀ ní Lawrence Berkeley ní California. Onímọ̀ ìràwọ̀ ni. Ní 1986, wọ́n ní kó wá ìdí tí owó kọ̀ǹpútà wọn fi yàtọ̀ pẹ̀lú sẹ́ńtì 75. Ó tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìràwọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, títí sẹ́ńtì 75 náà fi gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Hannover, ní Jámánì, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta ohun tí wọ́n jí fún KGB. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, sẹ́ńtì 75: ohun tí ẹlòmíì yóò pè ní àṣìṣe ìṣirò, tí yóò sì kọjá lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀dọ́ síṣẹ́ ní báńkì, ní ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì àti ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé iwájú yín, ẹ má ṣe ka iye ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nìkan. Ẹ ní kó fún yín ní ìjábọ̀ kan ṣoṣo tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, kí ẹ jókòó kà á dé ìparí, kí ẹ sì wá ibi tó ti kọ ohun tí kò mọ̀. Bí ẹ kò bá rí irú ibẹ̀, ẹ bi í léèrè.